Ìfinimọ̀nà Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Gíga àti Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Kí A Fi Lé E Lọ́wọ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ojú àlejò tóbi, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Kì í ṣe pé wọ́n ń bú àlejò. Iṣẹ́ onílé ni wọ́n ń rán onílé létí. Ẹni tí ó gba àlejò sílé, tí ó fún un ní omi mu, tí ó sì tẹ́ ẹní fún un, ṣùgbọ́n tí kò fi ọ̀nà odò hàn án, tí kò sì sọ orúkọ àwọn ará ilé fún un, kò tíì gba àlejò náà tán. Èyí ni a fẹ́ fi wo bí a ṣe ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún oyè gíga, ìyẹn oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, káàbọ̀ sí àwọn yunifásítì wa, pàápàá ní àríwá Èkìtì.

Ohun tí a máa ń ṣe fún wọn kò ṣòro láti kà sílẹ̀. A ó pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn kan. Àwọn ọ̀gá yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀ lórí owó ilé-ìwé àti ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, ẹlòmíràn yóò sọ̀rọ̀ lórí ilé-ìkàwé, ẹlòmíràn lórí bí a ṣe ń to àpilẹ̀kọ àti ìjìyà ẹni tí ó bá jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. A ó fún wọn ní ìwé ìlànà, a ó ya àwòrán, a ó sì túká. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í fi lé wọn lọ́wọ́, òun náà sì ni wọn yóò kọ́kọ́ nílò bí wọ́n bá ti jáde kúrò nínú ọgbà: ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi bá àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí láàrin wọn sọ̀rọ̀.

Èrò tiwa ni pé ìfinimọ̀nà tí kò bá fi ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kò tíì fi í mọ̀nà. Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí, tí à ń kọ́ ni ní èdè, tí a sì ń túmọ̀ ìwé, ni iṣẹ́ yìí kàn jù lọ.

Láti ipò àlejò sí ipò onílé

Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a bí J. F. Adé Àjàyí ní ọdún 1929, ibẹ̀ náà ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Nígbà tí ó kàwé ní Ìbàdàn, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948 ni ó wà níbẹ̀. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì wà títí di 1962. Lọ́ńdọ̀nù ni Àjàyí ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1958, kí ó tó padà wá di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn onímọ̀ ìtàn Ìbàdàn. Kenneth Onwuka Dike ni ó ṣáájú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ni wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé ìtàn tí àwọn ènìyàn wa ń sọ lẹ́nu jẹ́ ẹ̀rí tí onímọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yẹ ìwé àwọn òyìnbó wò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ìtàn lẹ́nu àgbà ní láti gbọ́ èdè tí àgbà náà ń sọ.

Ní àkókò yẹn, ọmọ Èkìtì tí ó bá fẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni ó ń ṣe àlejò ní ìlú onílùú. Ọ̀ràn ti yí padà. Ní 2011 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ọgbà rẹ̀ kejì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ fìdí kalẹ̀ sí. Ní Ìdó-Èkìtì, Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ó máa ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí òkèèrè ti di ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń wá kàwé sí. Àwọn kan nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá rárá. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ilé-ìwé àti ti rédíò ni wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá dé Ìrè tàbí Ìkọ̀lé, tí wọ́n bá gbọ́ tí àgbàlagbà pe ilé ní ulé, tí ó pe igi ní ugi, wọn yóò rí i pé èdè ìwé nìkan kò tó. A ti di onílé. Kí ni onílé ní nílẹ̀ láti fún àlejò rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣi ìwádìí lọ́nà

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ wò, ìyẹn ibà. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera kan fẹ́ mọ iye ìgbà tí àrùn ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ń ṣe àwọn ará abúlé kan láàrin ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ìbéèrè rẹ̀, yóò sì wá ọ̀dọ́ kan tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́ náà yóò kúnlẹ̀, yóò kí ìyá àgbà, yóò sì béèrè pé, ‘Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ibà ṣe yín láti èṣí?’ Ìbéèrè náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ sínú ìwé ni a bi ìyá. Ibà ní èdè wa gbòòrò ju àrùn ẹ̀fọn lọ. Ara gbígbóná ni ibà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe àárẹ̀ tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ oko nínú oòrùn ní ibà. Ibà pọ́njú sì wà, èyí tí ojú àti ìtọ̀ fi ń pọ́n, àrùn mìíràn sì ni. Ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò sọ pé oòrùn ni ó ń fa ibà. Wọn kò ṣi èdè wọn lò. Àwa ni a kò bi wọ́n léèrè irú ibà tí à ń sọ.

Bí ìyá bá dáhùn pé ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò wọ inú ìṣirò. Kọ̀ǹpútà yóò fi í kún ti ẹlòmíràn, yóò pín in, yóò sì mú ìdá jáde dé ojú àmì kejì. Ìṣirò náà yóò péye, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbé e lé kò péye. Oyè yóò jáde lórí rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ó fẹ́ pín àpò ẹ̀fọn tàbí oògùn ní ọdún mìíràn gbára lé e.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò dín ìnira àwọn obìnrin tí ń ṣe gàárì kù. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn: wọn a bó ẹ̀gẹ́, wọn a rin ín, wọn a fún un kí omi rẹ̀ lè jáde, wọn a jọ̀ ọ́, wọn a sì yan án. Rin ni wọ́n ń wí, kì í ṣe rìn. Ohùn ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Lẹ́yìn rírin, wọn a fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan. Obìnrin tí ó bá tọ́ ọ wò tí ó ní ‘kò tíì kan’ ti sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé nínú rírin àti kíkan yìí ni májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ ti ń dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ohun tí kíkan dúró fún lè rò pé àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ó lè ṣe ẹ̀rọ tí yóò rin ẹ̀gẹ́ tí yóò sì fún un lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì máa yangàn pé òun ti sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ wákàtí kan. Ohun tí ó gé kúrò ni ohun tí ń dáàbò bo ẹni tí yóò jẹ gàárì náà.

A kò sọ èyí láti fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè ńkọ́?

Ìyọ̀ǹda tí ó ti inú ìmọ̀ wá

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó wúwo ju ìṣirò lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lára ènìyàn ní láti gba ìyọ̀ǹda ẹni náà. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn jà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ṣe ìdánwò oògùn kan tí à ń pè ní Trovan. Nǹkan bí igba ọmọ ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì wọn gba Trovan, ìdajì yòókù gba oògùn mìíràn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá nínú àwọn ọmọ náà kú. Àwọn ẹbí sọ pé a kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni a ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé òun gba ìyọ̀ǹda láti ẹnu àwọn òbí, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí. Ní 2009 ni ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Kánò fẹnu kò sí mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là láti fi parí rẹ̀. Ohun yòówù kí a gbà gbọ́ nípa ẹ̀bi, ẹ̀kọ́ tí ó kan àwa tí à ń ṣiṣẹ́ èdè hàn kedere: nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀, ìbéèrè tí gbogbo ayé ń béèrè ni pé, kí ni a sọ fún àwọn òbí wọ̀nyí, ní èdè wo, kí ni ó sì yé wọn?

Ní 2007 ni Nàìjíríà gbé ìwé ìlànà ìwà tí ó tọ́ nínú ìwádìí ìlera jáde, ìyọ̀ǹda sì wà lára ohun tí ó rọ̀ mọ́ jù lọ. Ṣùgbọ́n ‘ìyọ̀ǹda’ nìkan kò gbé gbogbo ẹrù náà. A lè yọ̀ǹda nítorí ìtìjú, tàbí nítorí pé ọmọ yunifásítì ni ó wá bá wa, tàbí nítorí pé a rò pé oògùn ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí òfin ń béèrè ni ìyọ̀ǹda tí ó ti inú ìmọ̀ wá. A dábàá pé kí a máa pè é ní ìyọ̀ǹda àfìmọ̀ṣe, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, tí a sábà máa ń fi ṣe ẹ̀sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí kò yẹ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ sí abúlé mẹ́wàá, kí olúkúlùkù sì dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ lójú ọ̀nà.

Orúkọ tí ó yẹ ẹni tí ń fi ni mọ̀nà

Olùkọ́ tí a fi akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga sí abẹ́ rẹ̀ náà ń fẹ́ orúkọ. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní alábòójútó. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó bá ẹni tí ń ṣọ́ àwọn lébìrà mu ju ẹni tí ń kọ́ ni lọ. Alábòójútó ń wò bí iṣẹ́ bá ti parí. Kò di dandan kí ó bá ni rìn. Ẹ wo ilé alágbẹ̀dẹ. Ní Ìrè, ìlú tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ Ògún, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí kò bá tíì mọ ẹwìrì yàtọ̀ sí ẹ̀mú, tí kò sì mọ ọmọ owú. Bí ọ̀gá bá nawọ́ tí ó ní ‘ẹ̀mú’, irin ti pọ́n, kò sí àyè àlàyé mọ́. Orúkọ ohun èlò ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀gá ni a sì ti ń gbọ́ ọ.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn onífá, ojùgbọ̀nà wà. Igbá-kejì olúwo ni. Òun ni ó máa ń ṣáájú ẹni tí a ń tẹ̀ nífá, tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. A dábàá pé kí a máa pe olùkọ́ tí ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ní ojùgbọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà. Ojúṣe tí ó ń tọ́ka sí ni ojúṣe tí à ń wá. Ó sì rán olùkọ́ létí pé òun ni yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà, kì í ṣe kí ó jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa retí àkọsílẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìsìn ni, kò yẹ kí ó wọ yunifásítì tí Mùsùlùmí àti Kristẹni wà. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni àdúrà, àlùfáà àti wòlíì ti wọ èdè wa, Bíbélì Yorùbá sì lò wọ́n láìṣiyèméjì. Kò sí Kristẹni tí ó ń kọ̀ láti gbàdúrà nítorí èyí. Àwọn kan nínú wa pàápàá ti ń kọ yunifásítì ní ifásitì, kí Ifá lè hàn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ a máa ṣí kúrò nílé tí a bí i sí, a sì máa sin ẹni tí ó bá gbà á.

Àwọn àtakò

Àtakò kìíní ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi yẹ àpilẹ̀kọ wò, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ayé yóò fi kà á. A gbà. A kò sọ pé kí a kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ òtítọ́ nípa Ìkọ̀lé ní láti kọ́kọ́ gbọ́ òtítọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni a fi ń sọ ọ́ ní oko.

Àtakò kejì ni pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó. Ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí wọ́n nílò ọ̀rọ̀, wọ́n wá a, wọ́n sì kọ ìwé. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá; Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìkejì ní 1990. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n dá lé, ìyẹn ni pé ilé tiwa ni a kọ́kọ́ tún ṣe. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ oko àti onímọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àtakò kẹta ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe Yorùbá, àti pé inira ni yóò jẹ́ fún wọn. Ní Gúúsù Áfíríkà, Yunifásítì KwaZulu-Natal sọ ẹ̀kọ́ èdè Zulu di dandan láti 2014 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ń bẹ̀rẹ̀ oyè kìíní; ní 2017, Yunifásítì Rhodes fi oyè ọ̀mọ̀wé fún ẹni tí ó fi èdè Xhosa kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀. A kò tilẹ̀ béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó nílò ọ̀rọ̀ tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jù lọ, nítorí pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò máa gbà sọ̀rọ̀, kò sì ní mọ̀ bí ẹnu náà bá ṣì í.

Ohun tí a ń béèrè

Ohun mẹ́ta péré ni a fẹ́ kí ó wọ inú ètò ìfinimọ̀nà. Èkíní, kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àkójọ ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ìwé ńlá: ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ péré, tí a kọ pẹ̀lú àmì ohùn, tí a sì yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn aláṣe-gàárì àdúgbò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ Èkìtì bá ti yàtọ̀ sí ti ìwé, kí a kọ méjèèjì. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá jáde lọ ṣe ìwádìí kọ́kọ́ sọ ìbéèrè rẹ̀ ní Yorùbá níwájú ojùgbọ̀nà rẹ̀ àti àgbàlagbà kan tí kò lọ sí yunifásítì, yálà fúnra rẹ̀ tàbí láti ẹnu ògbufọ̀. Bí kò bá yé àgbàlagbà náà, kò tíì tó láti lọ. Ẹ̀kẹta, kí àpilẹ̀kọ tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ní àṣamọ̀ kan ní Yorùbá, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú tí a ti ṣe ìwádìí náà. Ní Netherlands, àpilẹ̀kọ ọ̀mọ̀wé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ a sábà máa ní irú àṣamọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè ìbílẹ̀ wọn, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di òpè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ kí Ẹlẹ́kọ̀lé tàbí Onírè kí wọ́n tó wọ ìlú ṣiṣẹ́, èyí sì dára, nítorí a kì í gba ẹ̀yìn wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n ọba tí ó gbà wọ́n láyè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n rí.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtúmọ̀, a ti pẹ́ tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀-ìperí fún ara wa kà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá dúró sínú jọ́nà kò yàtọ̀ sí irúgbìn tí ó dúró sínú àká: kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò hù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè gíga ni oko tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọlé, lọ́dọọdún ni a sì ń pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn. Kí àwọn ẹ̀ka èdè béèrè fún wákàtí méjì péré nínú ọjọ́ náà, kí wọ́n sì mú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ wọn dání lọ.